Ẹyẹ Ẹ̀yìnkùlé Tí Mo Fi Ń Pe Ọmọ Mi

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo kọ́kọ́ fi dójú ti ara mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá, òtútù ṣì ń mú mi bíi kí n máa sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yọjú lójú fèrèsé yàrá tí mo háyà, mo sì rí i pé màmá tó ń gbé ilé kejì da jéró àti ẹ̀pà sórí pẹpẹ pákó kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ fi dà bò ó. Àyà mi já. Mo ní, "Háà, màmá arúgbó yìí sá oúnjẹ sóòrùn, wọ́n sì fẹ́ bá a jẹ ẹ́ tán." Oòrùn wo? Oòrùn ọ̀hún kò lè gbẹ aṣọ ìnujú, ṣùgbọ́n mi ò rò ó débẹ̀. Bí mo ṣe ró aṣọ mọ́yà ni mo ṣe sáré jáde, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń pariwo, mo sì ju òkúta wẹ́wẹ́ kan lu pákó ọgbà tó wà láàárín wa. Gbogbo wọn fò lọ. Inú mi dùn. Mo wá dúró síbẹ̀, mo ń bá olóúnjẹ ṣọ́ oúnjẹ.

Màmá náà jáde wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, màmá. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ nínú ilé, mo ń bá yín lé wọn."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín tó fi di ọgbà mú. Ó ní, "Àwọn gan-an ni mo gbé e kalẹ̀ fún."

Ẹ má tíì bá wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Òṣú ni mí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kòkó àti obì ni gbogbo ilé wa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyá mi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Yèyé, ní àkùrọ̀ kan tó ń gbin ìrẹsì sí. Bí ìrẹsì bá ti ń yọ ọmọ, ìsinmi àwa ọmọdé ti parí nìyẹn. Kí oòrùn tó là la ti máa wà lóko pẹ̀lú kànnàkànnà àti agolo tí a kó òkúta sí, a ó máa mi agolo, a ó máa pariwo, títí ẹyẹ ó fi lọ sùn. Ọmọ tí ẹ̀gà bá jẹ ìrẹsì mọ́ lójú, kó má wulẹ̀ béèrè ẹran lọ́wọ́ Yèyé lálẹ́ ọjọ́ náà. Báwo lẹni tí wọ́n tọ́ báyìí ṣe fẹ́ mọ̀ pé ènìyàn kan wà láyé tó ń fowó ara rẹ̀ ra ọkà fún ẹyẹ?

Màmá náà ní Júlì lorúkọ òun, kí n máa pe òun bẹ́ẹ̀. Irun rẹ̀ funfun ju ti Yèyé lọ. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Màmá Júlì, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ni mí tẹ́lẹ̀. Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹni tó ni aṣọ ló ń gbé e wá, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì ń bá aṣọ dé. Oníbàárà mi kan wà tó máa ń wọ kẹ̀kẹ́ láti Òkè-Fìà, tí yóò ní apá aṣọ fún òun, tí yóò sì jókòó títí ilẹ̀ ó fi ṣú, tí a ò ní rántí apá aṣọ mọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ríṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ́, àwa la ń ká a. Aṣọ ìtẹ́bùsùn funfun, òmíràn, òmíràn. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo bá délé, mo máa ń rí i pé láti àárọ̀, yàtọ̀ sí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, mi ò lanu. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí nǹkan tí kì í dáhùn. Mo máa ń kí kẹ́tùlù pé ó kú iṣẹ́. Mo máa ń kí àtẹ̀gùn pé mo tún dé o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ mi nígbà náà, wọn ì bá ti wá dókítà fún mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló ń pa mí. Ọmọ mi ni.

Ìbídùn kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n. Ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ kò fàyè sílẹ̀ fún ọmọ, mo sì sọ fún ara mi pé díẹ̀ ni, bí ẹsẹ̀ mi bá ti múlẹ̀, n ó wá mú un. Mo gbé e lọ fún Yèyé lábúlé, mo ra fóònù tó ń ṣe fídíò fún wọn, mo sì bá tèmi lọ. Wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Èmi fà ní tèmi, ìkarahun mi wà ní Òṣú.

Ní oṣù àkọ́kọ́, Ìbídùn máa ń sunkún bó bá ti rí ojú mi. Mo rò pé kò sóhun tó lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó dákẹ́ ẹkún ni mo tó mọ̀ pé ó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn bí ọmọ ṣe ń dá àlejò lóhùn: bẹ́ẹ̀ ni mà, rárá mà, mo ti jẹun mà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè abúlé. Ọmọ tí mo bí sí Òṣogbo, tó ń pe ilé ní ilé, ni mo gbọ́ tó ń wí fún Yèyé pé òun fẹ́ máa lọ sí "ulé". Ìjẹ̀ṣà lèmi náà, ulé yẹn náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ láyé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó dùn mí, nítorí kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ tí ọmọ aládùúgbò kan ń bi í pé ta ló wà lórí fóònù. Ìbídùn ní, "Màmá Fóònù ni." Kò sọ ọ́ láti bú mi. Bó ṣe mọ̀ mí nìyẹn.

Nígbà tó yá, kì í wá mọ́. N ó pè, Yèyé ó gbé fóònù lọ sábẹ́ igi obì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, yóò pe Ìbídùn títí, èmi náà yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tó ń sáré kiri.

Yèyé á ní, "Ó ń ṣeré. Fi ọmọdé sílẹ̀."

N ó ní, "Ẹ bá mi kí i, Yèyé."

Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, n ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, n ó sì máa wo ògiri. Ohun tí mo ń bẹ̀rù kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá padà lọ mú ọmọ mi, yóò sá sẹ́yìn aṣọ Yèyé, yóò ní òun kò mọ̀ mí.

Òtútù ọdún kejì ni ẹyẹ gbà mí. Ìyẹn ni pé òun ló bá mi pe ọmọ mi padà wá sídìí fóònù. Mò ń bá Yèyé sọ̀rọ̀ lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí ẹyẹ kékeré kan, aláyà pupa, bà sórí pẹpẹ fèrèsé níta. Ó wò mí, ó yí orí, ó tún wò mí. Mo gbọ́ ohùn lórí fóònù: "Kí nìyẹn?" Ìbídùn ni. Mi ò mọ ìgbà tó dé ẹ̀yìn Yèyé. Mo yí fóònù sí ẹyẹ náà. Ìbídùn sún mọ́ ọn títí tó fi jẹ́ pé imú rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ó béèrè ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sùn, ìdí tí àyà rẹ̀ fi pọ́n. Mi ò mọ ìkankan, ṣùgbọ́n mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ẹyẹ fò lọ, òun náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá Júlì. Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bọ́ ẹyẹ. Ó wo èmi olókùúta yìí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Obìnrin yẹn kọ́ mi dáadáa. Ó ní n kò gbọdọ̀ fún wọn ní ohun tó níyọ̀. Ó ní bí omi bá dì nínú abọ́, kí n da omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, nítorí òùngbẹ ń pa ẹyẹ nínú òtútù bí ebi ṣe ń pa á. Ó ní kí n máa fọ pẹpẹ oúnjẹ wọn kí àrùn má bàa ràn láàárín wọn. Mo wí nínú ara mi pé ẹyẹ ti dolówó. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan tún wà tó máa ń wá jí ẹ̀pà wọn, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rọ̀ mọ́ okùn tí a so ẹ̀pà kọ́. Mo sọ fún Màmá Júlì pé lábúlé wa, inú ọbẹ̀ ni irú olè bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mi ò fẹ́ràn ẹyẹ. Oúnjẹ ni mo fi ń tan ẹyẹ, ẹyẹ ni mo sì fi ń tan ọmọ mi. Gbogbo Sátidé ni mo máa ń da oúnjẹ síta kí n tó pè, Ìbídùn á sì sáré wá. Ó sọ wọ́n lórúkọ. Aláyà pupa ń jẹ́ Epo. Èyí tó dúdú tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè ń jẹ́ Ọ̀gá. Onírù gígùn aláwọ̀ méjì tó máa ń lé àwọn tó kù ń jẹ́ Ìyá Ọlọ́jà. Bí ó bá ṣe ń wò wọ́n, mo máa ń jí ọ̀rọ̀ bọ àárín rẹ̀: "Eyín rẹ tó ń mì ńkọ́?" Á ní, "Ó ti yọ mà. Ẹ wo Epo!" Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé eyín ọmọ mi ti yọ.

Yèyé kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ṣé orí rẹ pé báyìí? O ń ra oúnjẹ fún ẹyẹ? Ṣé ẹyẹ bímọ fún ẹ ni?"

Mo ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa wò ó."

Nígbà tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, àwọn ẹyẹ ń kó koríko sẹ́nu, wọ́n ń kọ́lé. Ìbídùn fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣe bíríkìlà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru dé, tí kòkòrò kún inú koríko, oúnjẹ mi kò jọ wọ́n lójú mọ́. Mo máa ń da ẹ̀pà síta, kò ní sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbídùn á wá, á wo pẹpẹ òfìfo, á ní, "Ó dàbọ̀ mà." Gbogbo ènìyàn ìlú yẹn bọ́ra sílẹ̀ fún ooru, wọ́n ń yọ̀. Èmi nìkan ni mò ń gbàdúrà kí òtútù padà dé.

Àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé Màmá Júlì nígbà yẹn. Bí ewé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, wọ́n kó ara wọn jọ sórí wáyà, ó sì sọ fún mi pé Áfíríkà ni wọ́n ń lọ. Ó ní, "Wọ́n dà bí ìwọ." Mo mọ̀ pé ó fẹ́ ṣe mí lóore ni. Mo rẹ́rìn-ín fún un, ṣùgbọ́n inú bí mi dé bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi wá wé ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n tọ́ ọmọ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, ọmọ wọn náà fò. Kò sí alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọ òun á dá òun mọ̀.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn ni wàhálà dé. Ìrẹsì Yèyé ti gbó. Ìbídùn ti tó ọmọ tí wọ́n ń fi ṣọ́ oko, Yèyé sì gbé agolo olókùúta lé e lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e lé èmi náà lọ́wọ́. Ó ní kó dúró ní ìdí àkùrọ̀, kó máa mi agolo, kí òun lọ wo obì tí wọ́n ń ká. Nígbà tó padà dé, kò gbọ́ ariwo agolo. Ìbídùn ti da òkúta nù. Ó ti fi agolo pọn omi, ó gbé e kalẹ̀ fún ẹyẹ. Ó já ìrẹsì tó gbó, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó káwọ́ lérí orúnkún, ó ń wò wọ́n. Ẹ̀gà sì bo oko lọ rẹrẹ.

Yèyé fúnra rẹ̀ ló pè mí. Kò kí mi.

"Ìwọ lo kọ́ ọ."

"Yèyé, ẹ má bínú."

"Àkùrọ̀ yìí la fi rán ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Òun náà la fi bọ́ ẹ. Kí ni kí n wá fi bọ́ ọmọ yìí báyìí? Mo bi í pé kí ló dé, ó ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n!"

Ó tún ní:

"Láti òní lọ, mi ò fẹ́ rí ẹyẹ nínú fóònù yìí mọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ rí ẹ, kó wá rí ẹ. Bí kò bá sì fẹ́ rí ẹ, kó máa ṣeré rẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lára jù, nítorí pé òótọ́ ni. Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tó ń bá ni tọ́mọ, ẹnu wo la fẹ́ fi bá a jà? Mo sì mọ ohun tí àkùrọ̀ yẹn jẹ́ fún un.

Mo pa òfin Yèyé mọ́. Bí ó bá ti di Sátidé, n ó fẹ̀yìn sí fèrèsé, n ó kọ fóònù sí ògiri. Sátidé àkọ́kọ́, Ìbídùn wo ojú mi, ó wo ògiri, ó ní ó dàbọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò wá. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín lókèèrè pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò dẹ́kun àti máa bọ́ àwọn ẹyẹ. Òtútù ti dé, wọ́n ń dúró dè mí lórí ọgbà, mi ò sì lè sọ fún wọn pé ọmọ tí mo torí rẹ̀ pè wọ́n kò wá mọ́. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, n ó da omi gbígbóná díẹ̀ sínú abọ́ wọn. N ó dúró díẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé àwọn nìkan ló mọ̀ pé mo jí láàárọ̀ yẹn.

Ní Sátidé kan tí yìnyín bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, mo pè ní ọ̀sán. Mo ti gbà nínú ara mi pé Yèyé nìkan ni n ó bá sọ̀rọ̀. Ìbídùn ló gbé e. Ó jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi obì, abọ́ iṣu wà níwájú rẹ̀, epo wà ní ẹnu rẹ̀. Ó dà bíi pé Yèyé gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ó ní, "Níbo ni Epo wà?"

"Ó wà níta. Yèyé ní kí n má fi wọ́n hàn ọ́ mọ́."

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun."

"Ṣé òtútù ń mú un?"

"Ó ń mú un. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fún un lóúnjẹ."

Ó jẹ iṣu díẹ̀. Mo ń dúró kó ní ó dàbọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́ mà? Ta ló ń fún yín?"

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yẹn, wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè lóríṣiríṣi, èyí tó mọ́gbọ́n wá àti èyí tí kò mọ́gbọ́n wá. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní èyí. Mo ní, "Èmi ni mo ń se é, mo sì ń jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Èmi nìkan."

Ó dẹ́kun àti máa jẹun. Lábúlé wa, àwọn ọmọdé a máa jẹun nínú abọ́ kan náà, àgbàlagbà tó bá sì ń kọjá lọ, a ó ní kó wá bá wa jẹ. Mi ò rò pé ọmọ yìí tíì rí ẹni tó dá jókòó jẹun rí. Ó ń wò mí bí ẹni pé mo sọ fún un pé ara mi kò yá.

Mo gbọ́ ohùn Yèyé láti yàrá: "Ìbídùn, fi fóònù yẹn sílẹ̀, oúnjẹ rẹ ń tutù."

Ìbídùn ní, "Ẹ dúró, Yèyé. Wọn ò tíì jẹun."

Fóònù mì, mo rí ewé igi, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ó ti gbé mi ti ife omi, mo kọjú sí abọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ bu tiyín wá. Mò ń dúró."

Kò sí nǹkan kan nílé ju búrẹ́dì lọ. Mo sáré gé e, mo gbé e wá, mo jókòó. Ìbídùn wo búrẹ́dì náà dáadáa. Ó ní ó kéré. Ó gé lára iṣu rẹ̀, ó tì í bọ epo, ó sì nà án sí mi lójú fóònù títí epo fi kán sórí rẹ̀. Yèyé jáde, ó rí i, ó sì padà wọlé. Mo la ẹnu, mo gbà á.